Mo Tún Mú Ẹfun Ìkọ̀wé

Ọmọ àbúrò mi obìnrin wá kí mi láti Òṣogbo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni ó mú dání. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, tí ó sì ti fọ abọ́, ó fa àpò ọ̀rá kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó sì tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì níwájú mi. Ìwé-ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀: ti yunifásítì, ti àgùnbánirọ̀, àti ìwé ìgbàsíṣẹ́ tí ilé ìfowópamọ́ kan fún un ní ọdún 2012. Eruku ti mú àwọn ìwé náà, etí òmíràn sì ti ká.

Ó ní, "Màmá, àbíkẹ́yìn mi ti wọ ilé-ìwé. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti wà nílé. Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń rò ó, àyà mi a máa já. Ta ni yóò gba ẹni tí ó ti gbàgbé gbogbo nǹkan?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ náà, mo fi etí ìró mi nù ún, mo sì bi í pé, "Nígbà tí o ń kúrò, ǹjẹ́ o kọ̀wé fún wọn?" Ó ní òun kọ ọ́. "Ẹ̀dà rẹ̀ dà?" Ó wò mí bí ẹni pé ohun tí mo béèrè kò kan ọ̀rọ̀ tí ó bá wá. Ó kàn án. Ó kàn án gidigidi, nítorí pé àìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ èmi. Ìtàn náà ni mo sọ fún un ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí.

Mo wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni ó kọ́ mi, òun náà ni ó sì tún pèsè iṣẹ́ fún mi, nítorí pé ilé-ìwé ti pọ̀ dé abúlé, olùkọ́ kò sì tó. Nígbà tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ onípò kejì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Gíréèdì Tú, wọ́n fún mi níṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971 ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí mo bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, àwọn àgbà tí ó ju ìyá tí ó bí mi lọ a máa dìde kí mi ní "Tíṣà", ojú a sì máa tì mí, ṣùgbọ́n inú mi a dùn.

Ní ọdún 1973 mo ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ọkọ mi, Kàdúná ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ahunṣọ kan. Mo bá a lọ. Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 1976 mo bí ọmọ kejì. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni èéyi mú àkọ́bí, ọmọbìnrin tí ń bá wa gbé láti ràn mí lọ́wọ́ sì padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ láìdágbére. Ní ọjọ́ Ajé kan n kò lè lọ sí ilé-ìwé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun n kò lọ. Nígbà tí ara ọmọ yá, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú sì ń tì mí láti yọ sí ọ̀gá mi. Ọkọ mi ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, kí o kúkú jókòó ti àwọn ọmọ rẹ. Owó mi tó wa jẹ." Báyìí ni mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́. N kò kọ ìwé kankan, n kò sì gba ìwé kankan.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń rí! Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi àtùpà wá olùkọ́ kiri. Inú yàrá ni mo jókòó sí tí mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò, tí mo ń kun ọmọ lóògùn èéyi.

N kò kábàámọ̀ àwọn ọdún tí mo lò nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín kábàámọ̀ tiyín. Gbólóhùn kan wà tí n kò fẹ́ràn láti máa gbọ́ lẹ́nu obìnrin: "Ìyàwó ilé lásán ni mí." Ta ni lásán? Ẹni tí ó ń pín owó oúnjẹ ọgbọ̀n ọjọ́ láìjẹ́ kí ó tán ní ogúnjọ́, tí ó mọ ìyàtọ̀ nínú ẹkún ebi àti ẹkún àìsàn, tí ó ń parí ìjà mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú? Iṣẹ́ ni. Ohun tí ó dùn mí nípa rẹ̀ ni pé kò sí ọ́fíìsì kankan tí ó ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ọmọ márùn-ún ni a bí. Ní ọdún 1984, nígbà tí ọ̀wọ́n ohun èlò ti mú kí ilé-iṣẹ́ máa ti ilẹ̀kùn, tí ìjọba ológun pẹ̀lú sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, wọ́n dá ọkọ mi dúró. A kó ẹrù, a kó ọmọ, a padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, sínú yàrá méjì ní ilé bàbá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa kò tíì pé ọdún kan. Mo ní ìwé-ẹ̀rí nínú àpótí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń bọ́, ta ni yóò wo ẹni tí ó ti wà nílé fún ọdún mẹ́jọ?

Níhìn-ín ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa Yèyé, ìyá ọkọ mi. Ọkọ tirẹ̀ jẹ́ òṣómàáló, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ lọ tà láwìn ní ìlú onílùú, tí wọn a sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí owó wọn yóò fi jáde. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, kò ní sí nílé. Yèyé ni ó ń bọ́ ilé. Mo rò pé yóò wí fún mi pé kí n gbàgbé ìwé, kí n wá máa tajà. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ìdí ààrò ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí ó ti ṣe láyé rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀kọ ni ó ń tà, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sì ni ó ń tà á sí. Bí ọmọ bá ké, ó gbọ́. Nígbà tí àwọn tí ó dàgbà nínú àwọn ọmọ ti lè pọn àbúrò wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà, ó ń lọ sí Ìléṣà ní ọjọ́ ọjà, ó sì ń padà ní àṣálẹ́. Nígbà tí ó gba ọmú lẹ́nu àbíkẹ́yìn, tí ọmọ náà sì ti lè dá jẹun, ó di oníṣòwò obì. A máa kó gbànja lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, a sì di ọ̀nà Òkè Ọya, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó tún rí i. Nígbà tí eegun rẹ̀ kò gbé ìrìn-àjò mọ́, ó padà sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà náà, ó ní, "Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni mo tún padà sí. N kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Ààyè iṣẹ́ ni mo ń yí, bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Ìwọ, mú ọmọ yẹn wá fún mi, kí o lọ wá ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe."

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí Yèyé sọ fún mi ní ìdí ààrò wà nínú ìwé. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà, Niara Sudarkasa, gbé ní ìlú Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ọdún 1961 sí 1962 láti wo bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń ṣòwò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1973, Where Women Work. Ó rí i pé àwọn ìyàwó kékeré tí wọ́n ní ọmọ lọ́wọ́ kì í jìnnà sílé, àwọn tí ọmọ wọn ti gbọ́njú ni ó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Àwọn ìyá wa kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí "pípadà sẹ́nu iṣẹ́", nítorí pé wọn kò kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ń tẹ̀ bí ọmọ bá ṣe fẹ́ kí ó tẹ̀. Iṣẹ́ olówó oṣù ni kò mọ bí a ti í tẹ̀. Aago méje ààbọ̀ ni aago méje ààbọ̀, ìbáà ṣe pé ọmọ rẹ sùn dáadáa lóru tàbí kò sùn.

Òfin gbìyànjú díẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1974 fún aboyún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá bímọ tán, tí owó tí wọn yóò máa san fún un kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n fún ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́. Òfin náà wà títí di òní, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ti ń gba ọ̀sẹ̀ 16 nísinsìnyí. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ìyàwó kékeré léèrè nípa ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 16, ìbímọ ni ó wà fún, kò wà fún ìtọ́mọ. Ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí eyín ń yọ, tí ibà ń wọlé tí ó ń jáde, ni ó ń já obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ta ni yóò wo ọmọ? Ìbéèrè yìí kò mọ ìlú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá tí wọ́n lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó ní láti ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, kí wọ́n kàwé ní alẹ́. Kò sí yèyé kankan ní ìdí ààrò. Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún, wọn a sì máa lọ wò wọ́n bí àyè bá ṣí sílẹ̀. Àwọn kan bọ́ sí ọwọ́ rere. Òṣèré sinimá Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní ọdún 1967, tí wọ́n sì gbé fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ṣe fíìmù kan ní ọdún 2018 láti fi ìyà tí ó jẹ hàn. Farming ni ó pè é. N kò sọ èyí láti dá àwọn ìyá wọ̀nyẹn lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù láìsí Yèyé, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Mo sọ ọ́ kí ẹni tí ó bá ní ìyá tàbí ìyá ọkọ tí ó ṣe tán láti gbọ́mọ lè mọ ohun tí ó ní, kí ó sì máa fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́n.

Mo ti gbọ́ ní ọdún 1983, nígbà tí a ṣì wà ní Kàdúná, pé wọ́n dá yunifásítì kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè máa jókòó nílé kàwé rẹ̀. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe gba fọ́ọ̀mù. Ní ọdún 1984 ìjọba ológun tì í pa. Ọdún 2002 ni ó tó tún ṣí. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tí ó bá tì ni obìnrin ni ó tì í. Àmọ́ ní ọdún 1990, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Kàdúná, tí a mọ̀ sí NTI, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí olùkọ́ fi lè máa kàwé NCE láti ìlú rẹ̀, kí ó máa lọ bá àwọn olùkọ́ ètò náà ní ìparí ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Gíréèdì Tú ti ń di ohun àná. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé NCE ni yóò gba ipò rẹ̀. Mo fi èrè aṣọ tí mo ń tà san owó rẹ̀. Ọmọ ọdún 41 ni mí.

Mo kàwé náà ní ìdí fìtílà nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ìwé kò wọlé. Ojú ìwé kan tí ó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ǹ bá fi kà á ní ọdún 1970 gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Mo sunkún ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní oṣù kẹta ni orí mi tún mọ ọ̀nà náà, bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà oko tí koríko ti bò.

Ní ọdún 1991 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a gbọ́ pé wọ́n ń gba olùkọ́. Mo kọ ìwé ìwáṣẹ́, wọ́n sì pè mí. Akọ̀wé àgbà kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n rán mi lọ bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti fi ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní mẹ́fà. Ó ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá. Mo mú ìwé-ẹ̀rí mi jáde. Ó ní, "Èyí fi hàn pé ẹ kàwé, Ìyá. Èyí tí yóò fi hàn pé ẹ ṣiṣẹ́ dà? Èyí tí yóò fi hàn pé ẹ kúrò ńkọ́?" Mo ṣàlàyé èéyi, mo ṣàlàyé ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó lọ. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Ìyá, ẹ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ńṣe ni ẹ sá lẹ́nu iṣẹ́."

Òtítọ́ ni ó sọ. Wọ́n gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà mí láti oókan, bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé. Ọmọ ọdún 43 ni mí, owó oṣù mi sì bá ti àwọn ọmọge dọ́gba.

Mo ṣì rántí aṣọ tí mo wọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́: àǹkárá aláwọ̀ ewé, bàtà tí mo yá lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Kíláàsì kẹta ni wọ́n fún mi. Mo mú ẹfun ìkọ̀wé, mo kọ gbólóhùn kan sára pátákó kí àwọn ọmọ dà á kọ: "Gbogbo enia li o nfẹ ki aiye on dara." Ọwọ́ mi kò gbọ̀n tó bí mo ti rò. Inú mi ti ń dùn nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan ní ìlà iwájú nàka sókè. "Tíṣà, kì í ṣe báyẹn ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé wa."

Ọmọ náà kò purọ́. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun: "ènìyàn", "ayé", "òun", "ń fẹ́". Kàdúná ni mo wà nígbà náà, n kò kọ́ ọmọ ní Yorùbá níbẹ̀, Bíbélì tí mo sì ń kà nílé ní àárọ̀ àti ní alẹ́, "enia" àti "aiye" ni ó kún inú rẹ̀. Ọdún 18 ni gbogbo ìlú ti fi ń kọ ọ́ bí ọ̀tọ̀, tí èmi kò mọ̀. Mo dúró, ẹfun lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá na ọmọ yẹn, tàbí bí mo bá ní kí ó dákẹ́, n kò ní lè kọ́ kíláàsì náà mọ́. Mo ní kí ó jáde wá, kí ó wá fi hàn wá bí ó ṣe wà nínú ìwé. Ó wá, ó kọ ọ́, ó fi ìka ẹsẹ̀ dúró kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó pátákó. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo yá ìwé kíkà àwọn ọmọ mi, láti ti kíláàsì kìn-ín-ní dé ti ìkẹfà, mo sì kà wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tí ó ṣòro ju àkọtọ́ lọ ṣì ń bọ̀. Olùkọ́ tí wọ́n ní kí ó máa yẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọdún 1971. Nígbà tí ó rí mi ní yàrá àwọn olùkọ́, ó kúnlẹ̀, ó kí mi ní "Tíṣà mi". Ní ọjọ́ Ẹtì mo gbé ìwé mi fún un, ó sì fi báírò pupa fa igi sí ọ̀nà mẹ́ta nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ó ti ń dá a padà. "Ẹ má bínú, Tíṣà mi, iṣẹ́ ni." Kí n sọ òtítọ́, inú bí mi. Mo rántí bí mo ṣe ń bá ọmọ yìí di ọwọ́ mú kí ó tó lè kọ "f" dáadáa. Mo gbé ìbínú náà délé, mo gbé e sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́ mo wo ohun tí ó fa igi sí. Ó tọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi "ẹ" kí i níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé àti níwájú ọ̀gá. Bí ó bá ku àwa méjèèjì, mo máa ń pè é ní orúkọ rẹ̀, òun náà a sì máa bọ́ àpótí fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lò ó, a kò sì jà rí. Ẹ̀yin tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́ yóò bá ọmọdé tí ó ti di ọ̀gá pàdé. Ẹ múra sílẹ̀ fún un jù bí ẹ ṣe ń múra aṣọ lọ.

Ti ọkọ mi ńkọ́? Kò lòdì sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé òun fọwọ́ sí i. Ọkùnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ wá ń jáde lọ ní àárọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Ó ti padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ kan mo dé láti ilé-ìwé, mo bá ilẹ̀kùn yàrá ìdáná ní títì láti inú. Mo kàn án. Nígbà tí ó ṣí i, ó mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, òógùn bò ó. Ó ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará ilé má baà rí i. Mo wọlé, èmi náà tún ilẹ̀kùn tì, a sì jùmọ̀ parí ọbẹ̀ náà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, ó sì ń ṣe é lọ ní ọjọ́ tí mo bá pẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ a máa pọ̀ díẹ̀.

Mo gba NCE mi, mo sì kọ́ ọmọ títí di ọdún 2009 tí mo pé ọgọ́ta ọdún. Ọdún 17 ni wọ́n kà fún mi, òun ni wọ́n sì fi ṣírò owó tí mo gbà lọ sílé. Bí mo bá ti kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní ọdún 1976, kí n sọ pé ọmọ mi kò dá, kí n béèrè fún ìsinmi láìgbowó, tàbí kí n fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n sì mú ẹ̀dà tiwọn àti èsì wọn pamọ́, ó ṣeé ṣe kí n rí nǹkan dì mú ní ọjọ́ tí akọ̀wé yẹn bi mí léèrè.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ àbúrò mi. Ó fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ, ìṣirò owó sì ni ó kà ní yunifásítì. Mo ní kò pẹ́ jù fún un. Ẹni ọdún 38 ni. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣì ń gba ẹni tí kò tíì ju àádọ́ta ọdún lọ, òfin tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ pé olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ dé ọdún 65 tàbí kí ó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. NTI kan náà tí ó kọ́ mi àti yunifásítì àtijókòónílékàwé tí wọ́n tì pa lójú mi ń kọ́ àwọn tí ó ti gba oyè mìíràn ní iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ sì wà tí yóò ṣe ìdánwò fún un. Kí ó tó di ìgbà náà, kí ó máa bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ ìwé owó wọn, bí wọn kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yóò tún mọ iṣẹ́, ẹnìkan yóò sì wà tí ó lè kọ̀wé pé òun rí i tí ó ṣe é.

Ó ní, "Ọmọ yìí ńkọ́, Màmá, bí mo bá ń lọ sí ẹ̀kọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀?" Mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Òṣogbo kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, èmi náà sì ti padà sí ẹnu ọ̀nà ilé.

Ọmọ náà wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹfun kan tí ó rí nínú àpótí mi, ó ń ya ohun tí ó pè ní mọ́tò. Ìyá rẹ̀ tọrọ báírò àti bébà lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìfowópamọ́ tí ó ti bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé tí yóò fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn rí, àti ọdún tí ó lò níbẹ̀. Ó kọ déètì sí òkè, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Màmá, ẹ̀dà mélòó ni kí n ṣe?"

Mo ní kí ó ṣe mẹ́ta.